Òpó Kejìlá

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, Òpópónà Kánò, Ẹ̀búté Mẹ́ta.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni.
Mo ṣí iṣẹ́ tí Ìbídùnní fi ránṣẹ́ láti Yábà:
ìlà mẹ́tàdínlógójì ló yọ kúrò,
ó fi mọ́kànlélọ́gọ́rin rọ́pò wọn.

Ó ní dísíìkì ayé ìsinsìnyí yára ju ìwé àkọsílẹ̀ wa lọ.
Iṣẹ́ á wọlé, á jáde,
aago wa ò ní tíì mira,
àwa á sì kọ òdo.
Ẹgbẹ̀rún iṣẹ́, òdo.
Ẹgbàárùn-ún iṣẹ́, òdo náà ni,
bí ẹni pé gbogbo ilé sùn mọ́jú.

Kò parọ́. Mo mọ bó ṣe ń dunni
kéèyàn ṣiṣẹ́ kí wọ́n kọ òdo síwájú orúkọ rẹ̀.

Àwọn tó bí wa wo ojú ènìyàn tó ṣẹ́,
wọ́n ní ìṣẹ́jú nìyẹn.
Nígbà tí ìyẹn pọ̀ jù fún ohun tí wọ́n fẹ́ẹ́ wọ̀n,
wọ́n gbójú sókè wo àáyá lórí igi,
ojú tirẹ̀ yá ju tiwa lọ:
ìṣẹ́jú àáyá.
Èwo wá ni ká wò báyìí, Ìbídùnní?
Ẹranko wo ló ń ṣẹ́jú nígbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, lọ́nà ẹgbẹ̀rún,
kí àáyá tó ṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?
A ò lórúkọ fún un.
A ń pè é ní náńósẹ́kọ́ǹdì, a sì ń bá iṣẹ́ wa lọ.

Àmọ́ òpó kẹrin. Òpó kẹrin ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Akọ̀wé aago ni bàbá mi ní ọgbà rélùwéè,
kò jìnnà síbi tí mo jókòó sí yìí.
Ìwé ńlá kan, òpó mọ́kànlá lójú ewé kọ̀ọ̀kan;
òpó kẹrin ni iye ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ fi pẹ́.
Ọ̀gá tuntun dé, ó ní òun fẹ́ kó ṣe pàtó sí i,
kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú àáyá kọ ọ́.
Òpó kan náà. Àkọlé kan náà.
Ní Ìbàdàn, ẹni tó gba ìwé rí ọgọ́fà,
ó kà á sí ìṣẹ́jú, wákàtí méjì gbáko,
wọ́n sì dá owó oṣù Látúndé awakọ̀ dúró,
Látúndé tó fi ìṣẹ́jú méjì péré pẹ́.
Bàbá mi kì í rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́.

Torí náà mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kẹtàdínlógún:
má yí ohun tí òpó àtijọ́ ń wí padà.
Ẹnì kan wà ní Màrínà tó ń kà á,
ètò tó fi ń kà á, ẹni tó kọ ọ́ ti kú.
Fi òpó tuntun sí ìparí, kó jẹ́ ìkejìlá.
Igbá oníbíìtì méjìlélọ́gbọ̀n tó o gbé síbẹ̀ kéré,
kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì ó ti kún, ó ti dà nù,
ó ti ń ka òdo pa dà.
Àti pé wíwo aago gan-an ń jẹ nínú àkókò.
Ṣé o ti wọn èyí tí wíwò ń jẹ?

Mo tún un kà. Ó le jù.
Mo fi kún un lókè pé: iṣẹ́ yìí dáa. Ó yẹ ká ti ṣe é tipẹ́.

Mi ò rò pé ó jí. Èsì rẹ̀ dé kí tíì mi tó tutù.
«Ẹ ṣé, sà. Màá ṣe gbogbo ẹ̀.
Òpó kejìlá, kí la máa pè é?
Ìṣẹ́jú eṣinṣin ńkọ́?»

Mo ní eṣinṣin kì í ṣẹ́jú.

Ó ní: «Ìyẹn náà ni mo rò, sà.
Ta ló tíì rí èyí tá à ń wọ̀n yìí rí?»